Yàrá Kẹrin, Ọjọ́bọ̀

Àga onírin kan ni wọ́n fún mi, pẹ̀lú káàdì lọ́rùn,
kí n máa ṣọ́ ohun tí kò lè sá lọ.
Òtútù Hull wà lẹ́yìn fèrèsé,
odò Humber ń wọ́ ẹrẹ̀ rẹ̀ lọ sókun
bí ẹni tó ń wọ́ sálúbàtà.
Nínú ilé, ooru ẹ̀rọ, bàtà tó ń dún lórí pákó,
àti àwòrán kan ṣoṣo tó gba ògiri tán.

Kì í ṣe àwòrán ẹnikẹ́ni.
Kò sí ojú, kò sí igi, kò sí ẹyẹ.
Pupa ni. Pupa láti òkè délẹ̀,
àfi ìlà dúdú kan nísàlẹ̀
tó dà bí ilẹ̀kùn tí wọn ò tì tán.
Obìnrin kan ló kùn ún, Winifred Garside.
Ó ti kú kí n tó gba ìwé ìrìnnà.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo bínú sí i.
Mo ní, ṣé èyí náà ni wọ́n ń náwó lé lórí?
Bàbá mi kun ilé fún ọgbọ̀n ọdún ní Ìkìrun,
kò sẹ́ni tó fi okùn yí ògiri rẹ̀ ká
kó ní ká má fọwọ́ kàn án.

Ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́jọ pọ̀ lójú ẹni tó jókòó.
Nígbà tó di oṣù kejì mo rí i pé pupa yẹn kì í ṣe ọ̀kan:
rúsúrúsú lápá òsì, bí epo tó dì;
fòò láàárín, bí ojú ẹni tó ti sunkún dákẹ́;
òmíràn sì wà lábẹ́ pupa, tí mi ò rí orúkọ fún,
tó máa ń yọ ní agogo mẹ́ta ọ̀sán
nígbà tí oòrùn ìlú yìí bá rántí wa.

Bàbá Oxtoby máa ń wá ní Ọjọ́bọ̀.
Ó ti fi ogójì ọdún pẹja nínú omi dídì.
Á ṣí fìlà, á jókòó, kì í sọ̀rọ̀.
Lọ́jọ́ kan ó ní, láì wojú mi:
"Bí iná apá òsì ọkọ̀ Alfie ṣe rí nìyẹn,
lálẹ́ tí a rí i gbẹ̀yìn."
Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó fi fìlà nù ún.
Èmi tí wọ́n ní kí n máa ṣọ́ àwòrán,
kò sí nínú ìwé iṣẹ́ mi ohun tí à ń ṣe sí èyí.

Mi ò sọ fún un pé mo ti rí tèmi.
Oṣù Ẹrẹ́nà ni bàbá mi kú; ìwé mi wà lọ́wọ́ ìjọba;
fóònù ni mo fi sin ín.
Àdìó àbúrò mi gbé e sókè, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n,
mo rí erùpẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wà, ó pọ́n, ó tutù,
nẹ́tíwọ̀ọ̀kì sì dá a dúró síbẹ̀,
ìṣẹ́jú méjì, mẹ́ta,
erùpẹ̀ nìkan ló kún ojú gíláàsì.

Báwo ni Winifred ṣe mọ̀?
Kò mọ̀. Kò dé Ìkìrun rí, kò mọ ọkọ̀ Alfie.
Ọ̀dà ló ń fi lé ọ̀dà
títí ó fi gba àwa méjèèjì.

Bàbá mi máa ń sọ fún ọmọ iṣẹ́ pé,
"Má tètè gbójú kúrò. Àwọ̀ kì í dáhùn lẹ́ẹ̀kan."
Ọjọ́bọ̀ tó kọjá mo dìde, mo dúró lẹ́nu okùn,
mo tẹjú mọ́ ọn, mi ò ṣẹ́jú,
títí ojú fi ń ta mí, tí pupa ń mì bí omi.
Mo wá yí sí ògiri funfun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ewé hù.
Mo búra: àwọ̀ ewé, tútù yọ̀yọ̀, ó fẹ̀ tó àwòrán náà,
lára ògiri tí ẹnikẹ́ni kò kùn,
ó léfòó, ó ń bá ojú mi rìn.

"Kí lo rí?" ni Bàbá Oxtoby bi mí.
Mo ní kó dìde. Mo ní kó wò ó bí mo ṣe wò ó.
Ó di okùn mú. Òfin kò gbà á.
Fèrèsé ni mo kọjú sí.

Lálẹ́ mo pe Àdìó, mo bèèrè bí ibẹ̀ ṣe rí.
Ó ní, "Koríko ti bò ó, ẹ̀gbọ́n, tipẹ́tipẹ́.
Ẹ fowó ránṣẹ́ ká lè wá ẹni tí yóò ro ó."
Mo ní kó fi í sílẹ̀.